Bí Máàkì Bá Lọ Sílẹ̀ ní Yunifásítì: Ìgbésẹ̀ Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Pobè àti Sakété Lè Gbé

Lọ́dọọdún, àwọn ọmọ Pobè, Sakété, Ìfọ̀nyìn, Àjà-Wẹ̀rẹ̀ àti Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ tó yege nínú bac, ìdánwò àṣejáde girama, máa ń di ẹrù wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn kan gba Calavi lọ, àwọn kan gba Àjàṣẹ́, àwọn mìíràn lọ sí Parakou. Àwọn kan kò sì jìnnà sílé rárá, nítorí Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti ìjọba, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Kétu, ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Sakété níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú irè oko, tí a sì ń sọ ọ́ di ọjà títà. Bàbá ta àgbàdo, ìyá ta epo, ẹ̀gbọ́n kó èsúsú sílẹ̀, kí ọmọ lè rí owó ilé àti owó oúnjẹ. Nígbà tó bá yá, àbájáde ìdánwò àkọ́kọ́ á jáde, ọmọ á sì rí i pé “non validé”, ìyẹn “kò wọlé”, ló pọ̀ níwájú orúkọ òun.

Ìtìjú ló máa ń kọ́kọ́ mú un. Á pa tẹlifóònù, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ nílé, kò sì ní yọjú sí scolarité, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìwé akẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Òfin ilé ẹ̀kọ́ gíga fún ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré láàyè láti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n àyè náà ní ọjọ́, ó ní iye, ó sì ní ìwé tí a gbọ́dọ̀ kọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò á bọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, ọjọ́ á kọjá lórí rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe to ìgbésẹ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún akẹ́kọ̀ọ́ àti fún òbí tó ń ràn án lọ́wọ́.

Kí ìgbésẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀: irú òfin wo ló dè ọ́?

Ní Nàìjíríà àti ní Amẹ́ríkà, orúkọ tí wọ́n ń pe ipò akẹ́kọ̀ọ́ tí máàkì rẹ̀ kò tó ni probation. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé ẹ̀kọ́ kò tíì lé e, ṣùgbọ́n ó ti wà lábẹ́ ìkìlọ̀, wọ́n sì fún un ní àkókò kan pàtó láti gbé máàkì rẹ̀ sókè. Ní Bẹ̀nẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni òfin LMD ń ṣe, ìyẹn ètò Licence, Master àti Doctorat. Ní 2005 ni àwọn yunifásítì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń sọ Faransé dá ẹgbẹ́ REESAO sílẹ̀ láti mú ètò náà wọlé, nígbà tó sì di 2007, UEMOA, ẹgbẹ́ ọrọ̀-ajé àti owó àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pàṣẹ pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbà á.

Láyé àtijọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò yege sábà máa ń tún odindi ọdún ṣe. Lábẹ́ LMD, crédit ni wọ́n ń kà. Ọdún kan jẹ́ crédit 60, sáà kan jẹ́ 30. Licence ọdún mẹ́ta jẹ́ 180, Master ọdún méjì jẹ́ 120. UE ni wọ́n ń pe ìdìpọ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, UE kọ̀ọ̀kan ló sì ní iye crédit tirẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé crédit tí o bá ti gbà, tìrẹ ni. Kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ nítorí pé o kùnà nínú ẹ̀kọ́ mìíràn. Nítorí náà, ẹni tó sọ pé “mo ti kùnà, gbogbo rẹ̀ ti tán” kò tíì ka ìwé rẹ̀ dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: gba relevé rẹ, kí o jókòó tì í

Má ṣe gbára lé ohun tí ọ̀rẹ́ rí lára ògiri tàbí ohun tí ẹnìkan kọ sí WhatsApp. Lọ gba relevé, ìwé tí wọ́n to máàkì rẹ sí. Mú bíírò àti ìwé òfo, kí o pín ẹ̀kọ́ rẹ sí ọ̀nà méjì: èyí tí o ti gbà àti èyí tó kù. Kọ iye crédit síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká fi akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń béèrè 10 lórí 20 kí UE tó di gbígbà, tí sáà kìn-ín-ní rẹ̀ sì rí báyìí:

Ìṣirò, crédit 6: 8 lórí 20
Kẹ́míṣìrì, crédit 6: 11 lórí 20
Bàyọ́lọ́jì, crédit 6: 12 lórí 20
Ìmọ̀ oúnjẹ, crédit 5: 13 lórí 20
Gẹ̀ẹ́sì, crédit 4: 9 lórí 20
Kọ̀ǹpútà, crédit 3: 7 lórí 20

Bí o bá fi crédit sọ máàkì kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, tí o ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 308 ni yóò jẹ́. Pín in sí ọ̀nà 30, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 10.27. Ọ̀pọ̀ ọmọ á dúró síbẹ̀, wọn á ní “mo ti kọjá 10, mo ti yege.” Ṣùgbọ́n wo ọ̀kọ̀ọ̀kan: Kẹ́míṣìrì, Bàyọ́lọ́jì àti Ìmọ̀ oúnjẹ nìkan ló wọlé. Crédit 17 ló ní lọ́wọ́, 13 ló kù. Níbi tí òfin kò bá ti jẹ́ kí UE kan bo àìtó UE mìíràn, ìpíndọ́gba 10.27 kò gbà á lọ́wọ́ ohunkóhun. Nínú UE kan ṣoṣo, àwọn apá rẹ̀ sábà máa ń ran ara wọn lọ́wọ́. Láàrin UE sí UE, ìlànà ilé ẹ̀kọ́ rẹ ló ń sọ. Kà á kí o tó yọ̀, kí o sì kà á kí o tó sunkún.

Ìgbésẹ̀ kejì: béèrè òfin ilé ẹ̀kọ́ tìrẹ gan-an

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òfin gbogbogbòò jọra, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìlànà tirẹ̀. Ibì kan ń béèrè 10 lórí 20. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni níṣẹ́ lè béèrè 12. Lọ sí scolarité tàbí ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka rẹ, kí o ní kí wọ́n fi ìwé ìlànà hàn ọ́. Ìbéèrè tí o máa mú lọ nìyí:

Mélòó ni máàkì tó ń jẹ́ kí UE di gbígbà?
Ǹjẹ́ máàkì kan wà tó kéré débi pé kò lè rí ìrànwọ́ gbà lára ẹ̀kọ́ mìíràn?
Crédit mélòó nínú 60 ni mo gbọ́dọ̀ ní kí n tó lè bọ́ sí ọdún tó kàn, kí n máa san gbèsè èyí tó kù lọ?
Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo lè forúkọ sílẹ̀ fún ìpele kan náà kí wọ́n tó yọ mí?
Ọjọ́ wo ni rattrapage, ìyẹn ìdánwò kejì, ọjọ́ wo sì ni gbígba ìwé ẹ̀hónú máàkì ń parí?

Kọ ìdáhùn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí o gbà á. Ẹni tí o bá pàdé ní ọ́fíìsì lè jẹ́ ẹni tó rẹ̀ látàárọ̀. Kí i dáadáa, fi sùúrù béèrè, má bá a jà. Bí ó bá ní kí o padà wá lọ́la, padà lọ lọ́la.

Ìgbésẹ̀ kẹta: yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àṣìṣe wà

Kí o tó gbà pé ìwọ lo kùnà, rí i dájú pé máàkì tó wà níbẹ̀ ni èyí tí o gbà. Ó ṣeé ṣe kí máàkì iṣẹ́ ìdánrawò má tíì wọlé, kí wọ́n kọ òdo sí ẹni tó jókòó ṣe ìdánwò, tàbí kí orúkọ méjì tó jọra gba máàkì ara wọn. Ní ìlú tí orúkọ ìdílé kan náà pọ̀ bíi tiwa, èyí kò ṣòro.

Bí o bá rí irú èyí, réclamation, ìyẹn ìwé ẹ̀hónú, ni o máa kọ, kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó kọjá. Ẹ̀dùn ọkàn kọ́ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ṣeé yẹ̀ wò ni. Ní Faransé, kọ orúkọ rẹ, nọ́mbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ, ẹ̀ka àti ọdún rẹ sókè lápá òsì. Dárúkọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí o ń kọ ọ́ sí, kí o sì fi “S/C” síwájú orúkọ ipò olórí ẹ̀ka rẹ, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Lẹ́yìn náà, ìlà kan fún Objet, ìyẹn kókó ìwé náà. Nínú ara ìwé: UE wo ni, ọjọ́ wo ni o ṣe ìdánwò, máàkì wo ni wọ́n kọ, kí lo rò pé ó ṣẹlẹ̀, kí lo ń béèrè. Ojú ewé kan ti tó. So ẹ̀dà relevé mọ́ ọn. Ṣe ìwé náà ní méjì, kí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ ìgbàwọlé sí èkejì, kí o sì fi ìyẹn pamọ́. Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀, ó ṣòro láti fi hàn pé o mú un wá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fi ìṣirò yan ohun tí o máa kọ́kọ́ lé ní rattrapage

Rattrapage ni ìdánwò kejì tí wọ́n ń fún ẹni tí kò gba UE kan. Ó sábà máa ń sún mọ́ àbájáde àkọ́kọ́, nítorí náà àkókò kì í pọ̀. Kí o tó ṣí ìwé, yan.

Padà sí àpẹẹrẹ wa. Ká ní ọmọ náà gba gbogbo crédit 30 ti sáà kejì. Pẹ̀lú 17 ti sáà kìn-ín-ní, ó ti ní 47 nínú 60. Bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ń béèrè ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún kí ó tó bọ́ sí ọdún tó kàn, 48 ló nílò: crédit kan ṣoṣo ló fi dín. Bí ó bá sì jẹ́ ìdá 85 ni wọ́n ń béèrè, 51 ló nílò.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló kù fún un. Ìṣirò ní crédit 6, ó sì nílò máàkì méjì sí i. Kọ̀ǹpútà ní crédit 3, ó nílò máàkì mẹ́ta. Gẹ̀ẹ́sì ní crédit 4, máàkì kan péré ló kù. Bí ó bá gba Gẹ̀ẹ́sì nìkan, 47 á di 51. Ó ti kọjá ìdá 80, ó sì ti tó ìdá 85. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò kọ́kọ́ lé nígbà náà, Ìṣirò ni yóò tẹ̀ lé e, Kọ̀ǹpútà ló kẹ́yìn. Kì í ṣe pé kó pa ìyókù tì. Kó jókòó fún gbogbo wọn, àmọ́ kó mọ èyí tó máa gbà á là. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń kọjú sí ẹ̀kọ́ tó le jù nítorí pé òun ló ń dẹ́rù bà wọ́n, tí wọn á sì jẹ́ kí èyí tó rọrùn lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bá olùkọ́ sọ̀rọ̀

Lọ bá olùkọ́ UE tí o kùnà, kí o mú ìwé ìdánwò rẹ dání bí wọ́n bá gbà kí o rí i. Má sọ pé “ẹ ṣàánú mi.” Sọ pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo gba 8. Mo fẹ́ mọ ibi tí mo ti pàdánù máàkì, àti apá tó yẹ kí n kọ́kọ́ tún kà.” Olùkọ́ tó bá rí i pé ọmọ wá pẹ̀lú ìbéèrè pàtó máa ń dá a lóhùn. Bí àìsàn, ikú nínú ilé tàbí ìṣòro mìíràn bá wà nídìí àìṣe ìdánwò, mú ìwé dókítà tàbí ìwé ẹ̀rí mìíràn lọ sí ọ́fíìsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tó dé lẹ́yìn délibération, ìpàdé tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí àbájáde, kì í sábà lágbára mọ́.

Ẹ má sì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè bá yín ra máàkì. Owó yín á lọ, ọmọ náà lè pàdánù gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ṣe ètò wákàtí, kì í ṣe ìpinnu ẹnu

Nínú LMD, crédit kan dúró fún nǹkan bí wákàtí 20 sí 25 iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́: kíláàsì, iṣẹ́ ìdánrawò àti kíkà tí o dá kà. Crédit 30 ti sáà kan jẹ́ wákàtí 600 sí 750. Pín in sí ọ̀sẹ̀ 15, ó jẹ́ wákàtí 40 sí 50 lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ òòjọ́ odindi ni. Ẹni tó bá ń wa zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, ní gbogbo ọ̀sán kó lè rí owó ilé, tó sì ń retí pé kíkà alẹ́ á tó, ìṣirò yìí ń sọ fún un pé kò lè tó.

Wo ohun tó fa ìkùnà rẹ láìtan ara rẹ jẹ. Ṣé Faransé olùkọ́ ló yára jù fún ọ? Wá ẹni tí ẹ jọ máa tún àkọsílẹ̀ kíláàsì ṣe lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó tó tutù. Ṣé o kì í rí àyè jókòó ní amphi, gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ ńlá? Tètè jí, tàbí kí ẹ̀yin mẹ́ta máa gba ipò fún ara yín. Ṣé gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni o ń padà sí Pobè? Sọ fún àwọn ará ilé pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wàá máa wá títí ìdánwò á fi parí. Ṣé iná ni kì í sí? Jókòó sí ilé ìkàwé títí wọ́n á fi tì í. Kọ ọjọ́ àti wákàtí sórí ìwé, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí o sì máa fi bíírò sàmì sí èyí tí o bá ṣe.

Ìgbésẹ̀ keje: sọ fún àwọn ará ilé, kí o sì tètè yanjú ọ̀rọ̀ owó

Ọ̀pọ̀ ọmọ ń fi ìkùnà pamọ́ fún òbí títí ọdún á fi yí. Ìyẹn burú ju ìkùnà fúnra rẹ̀ lọ, nítorí bourse, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba, máa ń lọ bí ọmọ bá tún ọdún ṣe, òbí kò sì ní mọ ìdí tí owó fi dín. Jókòó pẹ̀lú wọn. Mú ìwé tí o pín sí méjì ní ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní dání, kí o fi hàn wọ́n pé: “Crédit 17 ni mo ti ní. 13 ló kù. Ọjọ́ báyìí ni mo máa tún un ṣe.” Òbí tí kò kàwé rárá mọ iye tó wọlé àti iye tó kù, ojoojúmọ́ ló ń ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lọ́jà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ bá mú ìwé báyìí wá, ẹ má fi èébú gbà á. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Iwájú náà ni ẹ bá a wò. Ẹ bi í léèrè ìbéèrè mẹ́ta: crédit mélòó ló kù, ọjọ́ wo ni ìdánwò, kí lo nílò lọ́wọ́ wa?

Bí o bá ń kàwé ní òdìkejì ààlà

Àwọn ọmọ wa kan gba Ìgólò bọ́ sí Ìdirókò lọ kàwé ní Nàìjíríà. Níbẹ̀, CGPA, ìyẹn ìpíndọ́gba gbogbo máàkì rẹ, ni wọ́n ń lò: A jẹ́ 5, B 4, C 3, D 2, E 1, F òdo. O máa fi iye unit ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, tó dà bíi crédit, sọ póìntì rẹ̀ di púpọ̀, kí o pín àpapọ̀ rẹ̀ sí iye unit tí o ṣe. Ìlànà NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, sọ pé ẹni tí CGPA rẹ̀ bá lọ sísàlẹ̀ 1.00 ní òpin ọdún, ọdún kan ni yóò fi wà lábẹ́ probation. Àwọn yunifásítì kan gbé ààlà náà sí 1.50. Bí ó bá tún lọ sísàlẹ̀ ní òpin ọdún ìkìlọ̀ náà, wọ́n lè ní kó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, àmọ́ ìlànà náà fi àyè sílẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè bọ́ sí ẹ̀ka mìíràn nínú yunifásítì kan náà.

Ká ní o ṣe unit 36 lọ́dún, àpapọ̀ póìntì rẹ sì jẹ́ 34. CGPA rẹ jẹ́ 0.94. Bí o bá tún ṣe unit 36 lọ́dún tó kàn, o nílò 38 péré láti dé 1.00, ṣùgbọ́n 74 ni o nílò láti dé 1.50, ìyẹn ni pé D ni gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú C nínú ẹ̀kọ́ unit méjì kan. Ṣe ìṣirò yìí kí o tó forúkọ sílẹ̀, má sì kó iṣẹ́ tó pọ̀ jù: unit 15 ló kéré jù ní sáà kan, 24 ló pọ̀ jù. Ní ọdún ìkìlọ̀, ó sàn kí o súnmọ́ 15 ju kí o súnmọ́ 24 lọ, bí ẹ̀ka rẹ bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dé Amẹ́ríkà á rí i pé 2.00 lórí 4.00 ni ààlà tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ń lò, owó ìrànwọ́ ìjọba wọn náà sì so mọ́ máàkì.

Bí wọ́n bá ti yọ ọ́ pátápátá

Gba ìwé tó ń fi gbogbo crédit rẹ hàn kí o tó kúrò níbẹ̀. Ìwé yẹn ni wàá fi béèrè àyè ní ẹ̀ka mìíràn tàbí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n lè ka díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọ. Bi ara rẹ bóyá ẹ̀ka tí o wà ni o fẹ́ràn, tàbí èyí tí wọ́n kàn fi ọ́ sí. Ọmọ tí ìṣirò dá lágara lè tàn nínú iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ oúnjẹ tàbí iṣẹ́ olùkọ́. Láti 1922 ni ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè níbí, ilé ẹ̀kọ́ irè oko sì wà ní Sakété. Iṣẹ́ ọ̀gbìn àti ọ̀pẹ kì í ṣe ohun tí a ní láti rìn jìnnà wá.

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka èyí, tí relevé rẹ ṣì wà nínú àpò tí o kò fẹ́ ṣí: mú un jáde lónìí. Ka crédit rẹ. Béèrè ọjọ́ rattrapage. Kọ ìwé tó yẹ kí o kọ kí ọ́fíìsì tó tì lọ́jọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn náà, pe àwọn ará ilé.